Kí O Tó Ka Ìwé Ìgbìmọ̀ Mi Fún Àdúgbò

Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Múyìwá, ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ilé tuntun yín ní Yábàá, tí ìyá rẹ ní fèrèsé rẹ̀ pọ̀ ju èèyàn inú rẹ̀ lọ. Ara wa le. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

O lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló mú kí ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oòrùn tó mú jókòó ti lẹ́tà gígùn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá wà lójúkojú, èmi kì í bá ọ sọ̀rọ̀. Ńṣe ni mo máa ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ, bí ẹni pé akọ̀wé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ náà á sì máa mi orí. Pépà kì í mi orí, torí náà mo lè sọ òótọ́ fún un.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. O ní níwọ̀n bí wọ́n ti yàn ọ́ sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, sórí àga tí èmi náà ti jókòó rí, àdúgbò máa pé jọ síwájú ilé wa ní Sátidé láti kí ọ káàbọ̀ àti láti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. O ní kí n gbé àwọn ìwé ìgbìmọ̀ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tí mo fi awọ dì, kí o lè ka àwọn ìbéèrè mi sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, “kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí bàbá bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ fẹ́ parí.” Gbólóhùn yẹn dára púpọ̀. Irú rẹ̀ gan-an ni èmi ì bá sọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn.

O tún ní Ẹ̀gbọ́n Làmídì káfíńtà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ ẹni tó jà fún afárá wa ló ń bọ̀.

N kò tíì kọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ kò ka àwọn ìwé yẹn rí. Mo máa ń ti àpótí wọn pa, ìwọ sì rò pé torí ikán ni. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú wọn fún ọ kí o tó gbé wọn sókè níwájú àwọn èèyàn. Màá sọ̀rọ̀ bí ó bá ti ń wá sí mi lọ́kàn. Tí o bá rí ìmọ̀ràn níbẹ̀, mú un. Tí o bá rí ibi tí mo ti ń gbèjà ara mi, fi gègé fa ìlà gba orí ẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n yàn mí, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Àwa tí òfin gbà láyè láti dìbò nígbà náà kò pọ̀. Bí a bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyè á ṣẹ́kù fún fìlà wa. Síbẹ̀ mo gbà pé gbogbo ayé ló yàn mí. Mo rán kóòtù dúdú kan tí kọ́là rẹ̀ le débi pé n kò lè wo ilẹ̀. Ní ìjókòó mi àkọ́kọ́, wọ́n dá ọ̀rọ̀ gọ́tà òpópó wa sílẹ̀, alága sì bi mí bí gọ́tà náà ṣe jìn tó. N kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rékọjá rẹ̀, èmi àti kọ́là yẹn. Mo dìde, mo ní ó jìn gan-an ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ó wà níbẹ̀ di òní pé ọmọ ìgbìmọ̀ láti òkè ọ̀sà sọ pé ó jìn gan-an ni.

Nítorí náà, ohun kìíní: má wọ ẹ̀wù tí kò ní jẹ́ kí o rí ilẹ̀. Kí o tó dìde sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà, mú igi kan, kí o lọ wọ̀n ọ́n.

Ohun kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ náà á rí i láìpẹ́ pé ọmọ ìgbìmọ̀ bíi tiwa kò ní agbára láti kọ́ ohunkóhun. Ìbéèrè ló ní. Á kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú pépà, á fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣáájú ìjókòó. Bí ọjọ́ bá pé, á dìde, á kà á, òyìnbó tí ọ̀rọ̀ kàn á dìde dáhùn, wọ́n á sì tẹ méjèèjì sínú ìwé. Lẹ́yìn náà gbogbo wa á lọ mu tíì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ìwọ àti ìyá rẹ, ọjọ́ kan sì máa ń wà tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa bí ẹ ṣe tò tẹ̀lé ara yín.

O ṣì kéré nígbà yẹn, o sì ti wọ iléèwé tí wọ́n ti ń sùn, torí náà kì í sábà ṣojú rẹ. Bí ìwé bá ti dé láti ilé ìtẹ̀wé, mo máa ń ní kí wọ́n kó àga síta ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà á wá. Màá kọ́kọ́ ka ìbéèrè mi lédè òyìnbó, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ kan lẹ́yìn. Ìyá Ràfíù, tó máa ń dín àkàrà ní ìkángun òpópó, kò gbọ́ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pàtẹ́wọ́ jù.

“Ọnọ́rébù, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà!”

Ẹnìkan á bi í pé, “Kí ni wọ́n wí?”

“Èmi ò mọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ta? Wọ́n bú wọn dáadáa!”

Lẹ́yìn èyí ni màá wá túmọ̀. Ìbéèrè kò ṣòro túmọ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Ìdáhùn ló máa ń ṣòro. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: “Rárá.” Mo wo ojú àwọn èèyàn tó jókòó níwájú mi. Àwọn kan ti pa ṣọ́ọ̀bù tì láti wá gbọ́ mi. Mo ní, “Ìjọba ní àwọn ti gbọ́.” Irọ́ pátápátá kọ́ nìyẹn, torí wọ́n kúkú gbọ́ kí wọ́n tó kọ̀. Ìgbà kejì mo ní, “Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ wọn.” Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, kò sí irú kíkọ̀ tí òyìnbó lè kọ̀ tí n kò ní sọ di ìlérí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Múyìwá, ìdáhùn ni kí o kọ́kọ́ máa túmọ̀. Bí ó bá jẹ́ rárá, sọ pé rárá. Wọn kò ní pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n á dìde lọ sílé, wọ́n á sì lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni n kò rò rí.

Mo fẹ́ fi ohun mìíràn sí i níbí, nípa bí o ṣe yẹ kí o máa gba inú ọjà lọ sílé dípò kí o gun kẹ̀kẹ́ gba òpópó ńlá, àti pé kí o má máa jẹun nílé àwọn tó ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n dára, ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé torí kí n má bàa dé ibi afárá ni mo ṣe ń kó wọn sílẹ̀.

O mọ odò kékeré tó ya wọ ẹ̀yìn àdúgbò wa láti inú ọ̀sà. Afárá tó wà lórí rẹ̀ báyìí, èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Pákó ni tẹ́lẹ̀. Òun ni àwọn obìnrin máa ń gbà lọ sọ́jà tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, pákó náà ti jẹrà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ ní ìhín, á dìde ní ọ̀hún. Òjò sì kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló kọ́kọ́ sọ pé ká fi ọ̀wẹ̀ tún un ṣe. Ó pe àwọn káfíńtà àdúgbò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè àti àwọn tó ń kan àga tà. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú pákó kan wá. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti to pákó jọ síwájú ilé rẹ̀ débi pé aya rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé gba oúnjẹ wọlé. Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Èmi ti fi ìbéèrè nípa afárá kan náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, ìjókòó sì kù sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé afárá náà fẹ́ wó, pé ẹ̀mí àwọn èèyàn wà nínú ewu. Mo tún ti ní gbólóhùn mẹ́ta nílẹ̀ tí màá fi lé e bí òyìnbó náà bá dáhùn. Mo ti há wọn sórí, mo sì ti sọ wọ́n níwájú dígí. Bí Làmídì bá tún afárá ṣe ní Sátidé, òyìnbó á dìde ní Ìṣẹ́gun, á ní àwọn lọ wò ó, afárá le bí òkúta. Ojú á tì mí láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Gbólóhùn mẹ́ta á sì ṣòfò.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí gan-an ló rí. Kò sí ìdí mìíràn. Mo ti wá a títí, kí n lè rí òmíràn tó sàn jù fi síbí.

Mo lọ bá wọn ní Jímọ̀. Wọ́n ń pọ́n òòlù àti ayùn lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a dúró.”

Làmídì ní, “Ọnọ́rébù, kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ bá wa gbá ìṣó ni? Ẹ bọ́ kọ́là yẹn kẹ́ ẹ máa bọ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí kọ́là ṣe gbà mí láyè mọ. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ohun ìjọba ni afárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ṣe é fún wa, kó dára, kó pẹ́. Tí ẹ bá fi pákó yìí lẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kò yẹ ní títún ṣe mọ́.”

Ó ronú. Ó ní, “Ká tiẹ̀ fi lẹ̀ ẹ́ kí òjò tó dé ńkọ́?”

“Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun ìjọba láìgbàṣẹ, Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.”

N kò ka òfin bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé kankan. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń kàwé, òun ni kì í kà. Ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀.

Ní Ìṣẹ́gun, mo dìde, mo béèrè. Òyìnbó tó ń mójú tó iṣẹ́ ọ̀nà náà dìde, ó dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Màá kọ ọ́ fún ọ kí lẹ́tà yìí tó parí. Ọwọ́ mi kò tíì ṣe tán. Ohun tí mo sọ ní Sọ́ńdè ni pé, “Ìjọba ti gbà. Wọ́n máa tó wá wọn ibẹ̀.” Wọ́n gbé mi sókè. Òótọ́ ni, wọ́n gbé mi sókè lórí àga. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, onílé kọ̀ọ̀kan lọ mú pákó rẹ̀ padà. Òmíràn fi tún ilé adìẹ ṣe. Òmíràn fi ṣe ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí.

Òjò dé.

Wàyí o, ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́ rèé. A kọ̀wé sí ọ níléèwé nígbà náà pé ìyá rẹ yọ̀ ṣubú létí kànga. O ń múra ìdánwò, a ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Kì í ṣe etí kànga. Orí afárá ni. Ó ń bọ̀ láti ọjà pẹ̀lú igbá abọ́ tánganran lórí, pákó kan yí lábẹ́ rẹ̀, ó já sílẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn sáré bá a kó àwọn abọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó fọ́, irin ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ni kì í ṣe irin. Bàbá kan tó ń to eegun ní Muṣin ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe sí i. Bó ṣe ń rìn báyìí ni ibi tó bá a dé.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Làmídì, ó sì wá síbí kíákíá. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo ti ń wá ọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Ó ní, “Ọnọ́rébù, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe gbogbo tiyín. Ìjọba ló já yín kulẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé, ní ilé ìgbìmọ̀ àti níta rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ gbà padà jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kankan.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Làmídì àti àwọn èèyàn rẹ̀ tún afárá náà ṣe nínú òjò, láìbi mí. Kò sẹ́ni tó mú wọn lọ sílé ẹjọ́. Afárá onírin tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún kejì tí mo kúrò nípò ni ìjọba ṣe é, torí mọ́tò òyìnbó kan rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn. Àwọn èèyàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tẹrí ba.

Ìmọ̀ràn mi níbẹ̀ yẹn, n kò mọ ohun kelòó tó yẹ kí n pè é mọ́: tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ohun tí o kò ṣe, sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Bí o bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti di ìtàn. Bí o bá fi di ọdún kejì, ọmọ rẹ á fẹ́ kà á fún àdúgbò.

Àti pé bí o bá rí àwọn èèyàn tí wọ́n ti mú òòlù dání, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí ọmọ ìgbìmọ̀ bi wọ́n ni pé ibo ni ìṣó kù sí.

—

Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró lánàá torí ìyá rẹ wọlé. Ó bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí láti òwúrọ̀. Mo ní ìwọ ni.

“Kí lẹ ń kọ sí i tó gùn tó báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ padà sí ìgbìmọ̀ ni?”

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé màá fo ibi kan, n kò fò ó. Nígbà tí mo dé ibi ìdáhùn òyìnbó, ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ ní ẹ máa kọ ọ́ kó tó parí. Ẹ kà á fún mi báyìí. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe máa ń kà á o, Bàbá Múyìwá.”

Mo fa àpótí jáde, mo ṣí i. Ìdáhùn náà nìyí, bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un, láìfi kún un, láìyọ kúrò: “Rárá. Ìjọba kò ní lọ́kàn láti tún afárá náà ṣe lọ́dún yìí. Bí ó bá wu àwọn ará àdúgbò láti tún un ṣe fúnra wọn, ìjọba kò rí ìdí kankan láti dí wọn lọ́wọ́.”

Ó ní kí n tún ìparí rẹ̀ kà, mo sì tún un kà.

Ó ní, “Wọ́n ní ẹ lè ṣe é.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ti mọ̀. Pákó ṣì wà níwájú ilé Làmídì ní Sọ́ńdè.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Láti ọdún yẹn, gbogbo ìgbà tí òtútù bá mú ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń ṣépè fún òyìnbó yẹn. N ò mọ orúkọ ẹ̀. Mo kàn ń ṣe é báyẹn.” Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. “Kò jẹ mí ní nǹkan kan.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má ì tíì sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ mú bàtà rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Làmídì. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un o. Èmi ò ní bá yín túmọ̀.”

A lọ. Ó ń rìn níwájú, bó ṣe ń rìn, èmi ń tẹ̀lé e. Làmídì ń fá pákó lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí Sátidé ṣe máa dùn tó, iye bẹ́ǹṣì tó ti yá, bí ìwọ ṣe jọ mí tó tí o bá ń sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó parí. Lẹ́yìn náà mo ka ìdáhùn yẹn fún un, mo sì sọ ohun tí mo ti sọ ní ipò rẹ̀, àti ìdí tí mo fi dá ọ̀wẹ̀ wọn dúró.

Kò pariwo. Ó bi ìyá rẹ, “Ìyàwó, ṣé ẹ ti mọ̀?”

Ó ní, “Òní yìí ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Làmídì gbọn ìfá pákó kúrò lórí aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti bẹ ọkùnrin yìí pé kó má bínú. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.” Ìyá rẹ ni ó ń sọ fún, kì í ṣe èmi.

Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi. “Kí ọmọ yẹn gbé ìwé náà wá ní Sátidé. Kó ka ìbéèrè yín, kó sì ka ìdáhùn. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ní a lè ṣe é fúnra wa, kó dúró díẹ̀ kó tó máa lọ. Àwọn tó wà pẹ̀lú mi ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì kú tán. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Mo bi í bóyá á ṣì máa sọ̀rọ̀ rẹ dáadáa láàrin àdúgbò. Ó ní òun á wò ó lẹ́yìn tí o bá kà á tán.

Torí náà, Múyìwá, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ìwé náà wà lórí tábìlì mi, mo ti fi òwú sí ojú ewé náà. Wá mú un lọ́la. Bí o bá kà á, àwọn kan lè dìde lọ kí o tó sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ. Àwọn tó bá dúró, bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn tó kù díẹ̀ kó parí, kí o sì kọ èyí sílẹ̀ ṣáájú ohun tí wọ́n ń tọrọ. Bí o kò bá fẹ́ fi irú nǹkan báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ, n kò ní bínú. Má wá mú un. Èmi fúnra mi ni màá kà á fún wọn. N kò ní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Àárín àwọn èèyàn ni màá wà, kí ẹni tó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè lè rí mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ kéré ju iṣẹ́ rẹ lọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ láti àná nìyẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.